Ta Ni Yóò Bá Wa Gbé Ọmọ? Ọ̀ràn Yíyan Olùtọ́jú fún Ọmọ Ọwọ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá títì Òkè-Fìà ní ìlú Òṣogbo yóò rí àwọn abiyamọ tí wọ́n ń yára wọ ọkọ̀. Àwọn kan ń lọ sí Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Àwọn mìíràn ń lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ilé ìfowópamọ́ àti ọjà. Ìbéèrè kan náà ni ó ń da ọ̀pọ̀ nínú wọn láàmú: ọwọ́ ta ni mo fi ọmọ mi sí? Ọ̀ràn tí a ti kà sí ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé tọkọtaya ti di ọ̀ràn gbogbo ìlú, nítorí pé òfin iṣẹ́, ọ̀wọ́n gógó, ṣíṣí tí àwọn ènìyàn wa ń ṣí lọ sí òkè òkun, àti àṣà fífi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n parapọ̀ bí i. Ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò fínnífínní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá bímọ, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí a ó san fún un láàárín ìsinmi yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà gbáko, láìfi omi tàbí àgbo lù ú. Ọ̀sẹ̀ 26 ni oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ìyá tí ó lo ìsinmi rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á sílẹ̀ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ogún ọ̀sẹ̀ ni yóò sì kù. Inú àlàfo ogún ọ̀sẹ̀ yìí ni olùtọ́jú ọmọ ń gbà wọlé. Lóòótọ́, òfin kan náà gbà kí ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú máa gba ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fẹ́ ṣe fún ẹni tí ó wà ní Abéré, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Òkè-Fìà?

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó rí àlàfo náà ní ọdún 2014. Ó fọwọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́fà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún àwọn bàbá náà ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbésẹ̀ rere ni. Àmọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó wà fún. Obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, tàbí tí ó ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni tí kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀, kò sí nínú ètò bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣí ìsọ̀, kò sí oúnjẹ. Ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wọṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni tí a bá mú wá fún un ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò gbà. Ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí: ìkánjú ni ó ń yan olùtọ́jú fún ọ̀pọ̀ wa, kì í ṣe ọgbọ́n.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó dàgbà. Kì í ṣe àsọdùn ní ayé ìgbà náà. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń ṣe òwò òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, agboolé ni ó ń ṣọ́ ilé dè wọ́n. Bí ìyá bá lọ sí oko, ìyálé wà nílé. Bí ìyálé bá lọ sí ọjà, ìyá àgbà wà lórí ẹní. Kò sí ẹni tí ó lè lu ọmọ tàbí kí ó fi ebi pa á láìjẹ́ pé ẹlòmíràn rí i. Lónìí, ilé oníyàrá mẹ́ta tí ó ní ògiri gíga àti géètì onírin ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ìyá àgbà tí à bá gbójú lé ń ṣe òwò tirẹ̀, tàbí kẹ̀ ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá ọmọ rẹ̀ tí ó bímọ sí London, Houston tàbí Toronto. Igba ojú ti di ojú méjì, ti àlejò sì ni ojú méjì náà.

Ohun tí ìkánjú lè fà hàn kedere ní Súrùlérè, ní ìlú Èkó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ìdílé kan gba olùtọ́jú kan tí wọ́n rí nípasẹ̀ ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ nínú ilé náà tí ó fi kó àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ sá lọ. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ oṣù 11. Orúkọ tí ó sọ fún àwọn òbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àwọn ajínigbé béèrè owó ìtúsílẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sì kọjá kí àwọn ọmọ náà tó padà sílé láàyè. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ìyá sì búra nígbà náà pé àwọn kò ní fi íntánẹ́ẹ̀tì wá olùtọ́jú mọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀ràn náà dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ní ẹ̀bi. Ẹjẹ́ńtì tí ó ń ti abúlé kó ọmọbìnrin wá sí ìgboro lè má mọ̀ ju orúkọ tí ọmọ náà sọ fún un lọ. Ohun tí ó sọ wíwá náà di ewu ni pé kò sí ẹnì kan láàárín olùtọ́jú àti òbí tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé, mo mọ ilé rẹ̀, mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Àwọn kan yóò sọ pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń gba ìbátan nìkan. Ìmọ̀ràn yìí dára dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Victoria Climbié, ọmọbìnrin ará Ivory Coast, ọwọ́ àǹtí bàbá rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ fi í sí pé kí ó lọ gba ẹ̀kọ́ tí ó yè kooro ní Yúróòpù. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ó kú ní London ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn ìyà tí ẹnu kò lè sọ tán. Ìwádìí tí ìjọba ilẹ̀ Bírítéènì ṣe, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé léraléra ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí ọmọ náà tí wọn kò sì gbà á là. Òfin ọmọdé ilẹ̀ náà ti ọdún 2004 tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún 1955 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n lọ kàwé ní Bírítéènì ni wọ́n fi ọmọ ọwọ́ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún, tí ó sì jẹ́ pé ìpolówó inú ìwé ìròyìn bíi Nursery World ni wọ́n fi rí wọn. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́. Àwọn mìíràn dàgbà láìmọ èdè tàbí orúkọ ìdílé wọn. Lónìí, òfin Bírítéènì ni pé ẹni tí yóò bá tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́ bí ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyá, gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Kí àwọn ará wa tí ń gbé ibẹ̀ má ṣe kà á sí àtojúbọ̀. Ojú ìlú ni òfin náà fẹ́ fi rọ́pò igba ojú tí ó ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ wá kan èyí tí ó wúwo jù, tí a kì í sì í fẹ́ sọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa, ẹni tí a pè ní olùtọ́jú ọmọ, ọmọdé ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni a gbé ọmọ oṣù mẹ́ta pọ̀n fún. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di òfin tirẹ̀, sọ pé ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, a kò sì gbọdọ̀ gbà á ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí ìdílé rẹ̀. Òfin tí ó gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, tí a tún ṣe ní ọdún 2015, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí tí ó bá gbà á pamọ́ tàbí tí ó fi í ránṣẹ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán jura, ó sì lè tó ọdún méje. Àjọ NAPTIP ni ó ń mú òfin náà ṣẹ. A kò gbọdọ̀ rò pé ẹjẹ́ńtì tí ó mú ọmọ náà wá nìkan ni òfin ń bá wí. Ó ń bá ìyá ilé pẹ̀lú wí.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe é ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Wọ́n ní òṣì wà ní abúlé, pé bí àwọn kò bá mú ọmọ náà wá, ebi ni yóò pa á, àti pé àwọn fi í sí ilé ìwé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé, agogo mélòó ni ọmọ náà ń jí? Ta ni ó ń dìde sí ọmọ ọwọ́ ní òru? Ìgbà wo ni ó ń ka ìwé? Bí a bá fẹ́ ran ọmọ tálákà lọ́wọ́, kí a san owó ilé ìwé rẹ̀, kí a má sì gbé ọmọ wa lé e lẹ́yìn. Bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, àǹfààní ọmọ ọwọ́ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkún ebi àti ẹkún àìsàn, kò sì lè dá ìpinnu ṣe nígbà tí ara ọmọ bá gbóná.

Irú ìtọ́jú wo ni ọmọ ọwọ́ nílò? Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti fi ẹ̀kọ́ kan kọ́ gbogbo ayé lórí èyí. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà ọmọdé kan tí ó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Imẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe káàdì tí a ń fi ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, tí ilà orí rẹ̀ ń fi hàn bóyá ọmọ ń dàgbà tàbí ó ń joro. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà, kì í ṣe ọwọ́ dókítà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ti lo irú káàdì yìí láti ìgbà náà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́ ni dókítà rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìyá kì í bá sí nílé, olùtọ́jú ni ó wà ní ipò yẹn, a kò sì lè fi ipò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ohunkóhun.

Nítorí náà, kí a tó gba ẹnikẹ́ni, àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe kókó.

Èkínní, kí ó ti pé ọdún 18, kí ó sì ní ìdánimọ̀ tí a lè yẹ̀ wò, bíi nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. Kí onídùúró rẹ̀ tó méjì, kí àwa fúnra wa sì fi ẹsẹ̀ wa rìn dé ilé wọn. Nọ́ńbà tẹlifóònù kì í ṣe ilé.

Èkejì, kí a bá ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún kẹ́yìn sọ̀rọ̀ ní ojúkojú, kí a sì béèrè ìdí tí ó fi kúrò. Ìwé ẹ̀rí lásán kò tó.

Ẹ̀kẹta, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara, pàápàá ti ikọ́ fée, nítorí pé àrùn náà máa ń tètè ran ọmọ ọwọ́, ó sì máa ń le lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀kẹrin, kí a bi í ní ìbéèrè. Bí gìrì bá mú ọmọ, kí ni ìwọ yóò ṣe? Bí ó bá dáhùn pé òun yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bá iná, tàbí pé òun yóò fún un ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe, ẹ̀kọ́ wà láti kọ́ ọ. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tí ó ní òun yóò rọ ọmọ kò tíì mọ̀ pé ẹ̀kọ lè bá ọ̀nà èémí lọ. Bí ọmọ kò bá dákẹ́ ẹkún ńkọ́? Kí ó mọ̀ pé a kì í mi ọmọ ọwọ́ jìgìjìgì, nítorí ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Kí ó gbé e sílẹ̀ síbi tí kò séwu, kí ó sì pe ìyá rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní oògùn kankan láìgba àṣẹ. Kí a rántí ọdún 2008, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé tí a ń pè ní My Pikin, tí kẹ́míkà olóró wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tí kò dín ní 84 ní Nàìjíríà. Ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni ó rà á. Bí oògùn tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù bá lè ṣe báyìí, kí ni ti èyí tí olùtọ́jú fún ọmọ ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè sùn?

Ẹ̀kẹfà, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí ìyá tó padà sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n jọ ṣe é, kí ọmọ sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, kí a máa wọlé ní wákàtí tí kò retí, kí a sì bẹ aládùúgbò kí ó máa yọjú. Ọmọ tí ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tàbí tí ó ń sunkún bí ó bá rí olùtọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ.

Ó ku apá kan tí a sábà máa ń gbàgbé. Ìwé Mímọ́ ròyìn bí olùtọ́jú Mefibóṣẹ́tì ṣe gbé e sá nígbà tí ìròyìn ikú dé, tí ọmọ náà ṣubú, tí ó sì yarọ. Obìnrin yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìgbàlà ni ó ń wá fún ọmọ náà. Ìdààmú ni ó mú un ju ọmọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹni tí a ní kí ó tọ́jú ọmọ, òun kan náà ni ó ń fọ aṣọ, tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń pọn omi, tí ó sì ń sùn kẹ́yìn. Bí àárẹ̀ bá mú un tí ọmọ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó pè é ní ìkà. Ní ọdún 2011, àpéjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Geneva fọwọ́ sí ìlànà pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ inú ilé, àti pé ẹni tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní wákàtí 24 láti sinmi lọ́sẹ̀. Ní Nàìjíríà, owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000 ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn nìkan ni ó kù tí yóò sọ iye tí a ó san. Kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí a sì san owó náà lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe ẹjẹ́ńtì.

Ẹlòmíràn lè sọ pé apá òun kò ká àgbàlagbà tí ó mọṣẹ́. Òtítọ́ ni, ìdí sì nìyí tí a kò fi lè dá ọ̀ràn náà dá ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò kan lè pa owó pọ̀ gba olùtọ́jú kan. Àwọn baba wa ti rí i tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi pe ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú àwọn ìjọ wa ní Òṣogbo àti Iléṣà, gbọ̀ngàn ńlá ńlá wà tí ó ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àwọn opó tí ara wọn le tí wọ́n ń wá iṣẹ́ wà, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì sì wà tí wọ́n lè kọ́ wọn ní ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan so wọ́n pọ̀. Àwọn àlùfáà pẹ̀lú ní ojúṣe kan: kí wọ́n má ṣe bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí wọn kò mọ̀ ju pé ó ń wá sí ìsìn lọ. Ẹni tí ó mọ orin kọ lè má mọ ọmọ tọ́. Ìwé tí àlùfáà bá fọwọ́ sí, orí rẹ̀ ni ìyá kan yóò gbé ọmọ rẹ̀ lé.

Ní ti ìjọba, kí ìsinmi ìyá ọlọ́mọ bá oṣù mẹ́fà tí ìmọ̀ ìṣègùn béèrè mu, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbà tí ìyá bá ní àkókò láti yàn ni yóò tó lè yàn dáadáa. Títí di ìgbà náà, kí ẹni tí ó ń retí ọmọ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ń pè é padà. Láti inú oyún ni kí a ti máa béèrè ẹni tí yóò bá wa gbé e.